Sí Sẹ́nétọ̀ Abíọ́dún Olújìmí: Ẹ bá wa gbé fáìlì yẹn jáde

Sẹ́nétọ̀ Abíọ́dún Olújìmí, ọmọ Ọ̀mùò-Èkìtì,

A kí yín, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Fáìlì kan la wá tọrọ lọ́wọ́ yín. Fáìlì àbádòfin àǹfààní ọgbọọgba fún tọkùnrin tobìnrin ni, èyí tí wọ́n fi ohùn pa mọ́ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2016, tí ẹ tún orúkọ rẹ̀ ṣe tí ẹ sì gbé e padà wá nínú ọdún yẹn kan náà, tí ẹ tún gbé e dìde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2021. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọjá kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ìpele tí Ilé ti ń jíròrò bóyá kí ìwé lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Láti oṣù Kẹfà 2023 ni ẹ ti kúrò nínú Ilé. Obìnrin mẹ́rin la kà nínú sẹ́nétọ̀ 109 ti Ilé Kẹwàá: Ireti Kingibe láti Àbújá, Ipalibo Banigo láti Rivers, Ìdíàtù Adébùlé láti Ìwọ̀ Oòrùn Èkó, àti Natasha Akpoti-Uduaghan láti Kogi, ẹni tí kóòtù dá ìjókòó rẹ̀ fún ní ìparí 2023. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó jókòó nínú gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ tí ìjà wọ̀nyí wáyé. Ìwé àkọsílẹ̀ Ilé á sọ fún wọn ohun tí oníkálukú dìde wí. Kò ní sọ ẹni tó wá bá yín ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìjókòó pé, bí ẹ bá yọ abala báyìí, òun á dìbò fún un. Ọwọ́ yín nìyẹn wà.

Ẹ mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Ẹ ti ṣe aṣojú-ṣòfin. Ẹ ṣe igbákejì gómìnà Èkìtì láti 2005 títí di oṣù Kẹwàá 2006, tí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ yọ ẹ̀yin àti gómìnà pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ẹ dé Ilé Àgbà ní 2015, obìnrin méjì ni Èkìtì rán lọ nínú ìjókòó mẹ́ta tó ní: ẹ̀yin láti Gúúsù, Fatimat Raji-Rasaki láti Àárín Gbùngbùn. Ẹgbẹ́ yín fi yín ṣe igbákejì Whip. Nígbà tí Godswill Akpabio sì bọ́ sínú APC ní 2018, ẹ̀yin lẹ di olórí ẹgbẹ́ tó kéré nínú Ilé. Iṣẹ́ Whip sì ni kó mọ iye orí tó wà nílẹ̀ kí ìbò tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ẹ mọ̀ ju bí ẹ ti sọ fún àwọn oníròyìn lọ nípa ohun tó pa àbádòfin yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 2016. Orúkọ tí àbádòfin náà gbé wọlé dá lórí ìdọ́gba akọ-n-bábo àti fífi òfin de ìwà ipá sí obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni Ààrẹ Jonathan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tó de ìwà ipá sí ènìyàn ní oṣù Karùn-ún 2015, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbújá nìkan ni òfin yẹn dé. Ẹni tó bá fẹ́ wá ẹ̀sùn ti rí i: òfin tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ tún ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìdọ́gba. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ pé aya àti ọkọ “dọ́gba” lédè wa, yàrá ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, kò ní rò ó dé ọ́fíìsì ìjọba tàbí báńkì. Bákan náà ló rí lédè Hausa. Ahmad Sani Yerima láti Zamfara gbé òfin Ṣàríà dìde. Emmanuel Bwacha láti Taraba gbé Bíbélì dìde, òun gan-an sì ni igbákejì olórí ẹgbẹ́ yín nínú Ilé nígbà yẹn. Ike Ekweremadu gbè yín lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó mọ́yán lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bukola Saraki bi Ilé léèrè, “bẹ́ẹ̀ kọ́” ló borí, òòlù sì dún.

Ẹ̀sìn ni gbogbo ìwé ìròyìn kọ pé ó pa á. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí igbákejì olórí ẹgbẹ́ ẹni bá lè dìde tako iṣẹ́ ẹni ní gbangba, iṣẹ́ kíka orí ti kùnà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Àìsàn mìíràn sì wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀ tí ariwo ẹ̀sìn kò jẹ́ kí a rí.

Èkíní ni pé àbádòfin náà sọ lójú pépà pé òun fẹ́ sọ àdéhùn àgbáyé di òfin: àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ obìnrin tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1985, àti ti Áfíríkà tí a mọ̀ sí Maputo, tí a fọwọ́ sí ní 2004. Ní kété tí ìwé bá ti sọ bẹ́ẹ̀, abala 12 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè á dìde. Bí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àdéhùn kò bá sí lórí àkójọ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, a kò gbọdọ̀ gbé àbádòfin náà lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ títí tí púpọ̀ nínú Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ 19 nìyẹn nínú 36. Ká ní Ilé Àgbà sọ “bẹ́ẹ̀ ni” lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Ṣókótó dé Bayelsa. Ìwé tó dá lórí abala 42 nìkan kò nílò ìrìn yìí. Abala 42 ti sọ tẹ́lẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin fi ẹ̀tọ́ dù ú. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìyà fún ọ́fíìsì ìjọba tó bá rú u àti ibi tí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ yóò ti fi ẹjọ́ sùn.

Èkejì ni ogún àti opó. A mọ ohun tó mú yín fi í sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 61 lórí àkójọ ìjọba àpapọ̀ fún Ilé yín lágbára lórí ìgbéyàwó, ó sì yọ ìgbéyàwó ìlànà Mùsùlùmí àti ti àṣà ìbílẹ̀ sílẹ̀ kedere. Nígbà tí sẹ́nétọ̀ láti Òkè Ọya bá ní ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ inú ogún Mùsùlùmí, òfin díẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀sìn rẹ̀. Abala yìí ló fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Ó sì jẹ́ abala tí a lè mú kúrò láì pàdánù púpọ̀, nítorí Kóòtù Gíga Jùlọ ti ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ ní 2014: nínú ẹjọ́ Ukeje, wọ́n ní àṣà tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ tako abala 42, nínú ẹjọ́ Anekwe, wọ́n da àṣà tó ń lé opó kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀ nù.

Kí ọmọ Yorùbá tó ń ka èyí má yànga o. Lóòótọ́, ọmọbìnrin ń jogún lọ́dọ̀ wa bí ọkùnrin, ìbáà ṣe ìdí-igi (ìpín fún ìdí aya kọ̀ọ̀kan) ni wọ́n fi pín in tàbí orí-ò-j’orí (ìpín fún ọmọ kọ̀ọ̀kan). Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ti 1962 ti jẹ́rìí sí ìlànà méjèèjì. Ṣùgbọ́n aya kì í jogún ọkọ nínú àṣà wa, ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá a jẹ ẹ́. Opó tí kò bímọ ló mọ ibi tí bàtà náà ti ń ta á. Iṣẹ́ Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n kọ ọ́ ní Adó-Èkìtì àti ní Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹta ni pé ohun tó nílò ìbò lásán àti ohun tó nílò àtúnṣe Ìwé Òfin wọ inú àpò kan náà lẹ́nu àwọn olùpolongo. Obìnrin wa tó fẹ́ ọkùnrin ilẹ̀ òkèèrè kò lè sọ ọkọ rẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà lọ́nà tí ọkùnrin fi lè sọ aya rẹ̀ dà á. Abala 26 ló wí bẹ́ẹ̀, kò sì sí àbádòfin lásán tó lè yí i padà. Ó di kí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé méjèèjì, ìyẹn sẹ́nétọ̀ 73 àti aṣojú 240, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí Ilé ìpínlẹ̀ 24 sì tún gbà á. Ìjókòó àfikún fún obìnrin náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yẹn la gbà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2022, tí wọ́n da gbogbo àbá márùn-ún tó kan obìnrin nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ibi tó dùn wá jù ni pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ gbọ́ nípa àbádòfin tiyín, bẹ́ẹ̀ ìbò tí tiyín nílò kéré gan-an sí tiwọn.

Mélòó ló nílò gan-an? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ síta, nítorí àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn lè máa rò pé òkè ńlá ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni iye tó tó fún ìjókòó, ìyẹn 37 nínú 109. Àbádòfin lásán ń kọjá bí púpọ̀ nínú àwọn tó wà níjòókòó tó sì dìbò bá gbà. Bí 37 bá jókòó, 19 ti tó. Bí gbogbo Ilé bá pé, 55 ni. Gbogbo ẹni tó ti jókòó nínú gálárì mọ̀ pé kì í pé lójoojúmọ́. Nítorí náà ọjọ́ ló ṣe pàtàkì: ọjọ́ tí sẹ́nétọ̀ 25 tó fẹ́ràn ìwé náà, kí ó lé díẹ̀ lórí 19 yẹn, wà nínú ìlú ló yẹ kí a mú un wọlé, ká má fi í sí ọjọ́ tí ìwé ìtò Ilé bá ṣàdédé gbé e dé. Ẹ ṣọ́ra o: bí iye tó wà níbẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju 37 lọ, ẹnìkan ṣoṣo tó bá pe àkíyèsí sí i lè dá ìjókòó dúró. Kí 25 wọn jókòó kí wọ́n má dìde lọ jẹun.

Ti ohùn ńkọ́? Etí ẹni tó wà lórí àga ló ń dájọ́ ìbò olóhùn, kì í sì í sí orúkọ tí yóò kù nínú ìwé. Ẹni tó bá sọ “bẹ́ẹ̀ kọ́” lónìí lè dé ilé kó sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin agbègbè rẹ̀ pé “bẹ́ẹ̀ ni” lòun sọ. Ìlànà Ilé gba sẹ́nétọ̀ láàyè láti tako ohun tí Ààrẹ Ilé gbọ́, kí wọ́n sì dìbò lórúkọ-lórúkọ. Ní oṣù Keje 2021, lórí fífi èsì ìbò ránṣẹ́ látorí ẹ̀rọ, Enyinnaya Abaribe béèrè fún un. Èsì rẹ̀ jẹ́ 52 sí 28. Ó pàdánù, ṣùgbọ́n gbogbo Nàìjíríà mọ ẹni tó ṣe kí ni lọ́jọ́ náà, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kejì 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìdìbò tuntun, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún àjọ elétò ìdìbò láti fi ẹ̀rọ ṣe é. Kò sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2016. Bí ó bá wà nínú ìwé ọwọ́ yín, ẹni tó gbè yín àti ẹni tó fà sẹ́yìn, ìyẹn gan-an ni ojú ìwé tí a fẹ́ jù nínú fáìlì náà. Púpọ̀ nínú wọn ti kúrò nínú Ilé, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà níbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2021, ẹ ṣe ohun kan tó dára tí a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yìn yín fún. Nígbà tí ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ “ọgbọọgba” tún ti dá iná sílẹ̀, tí àwọn kan ń sọ pé àfi bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò kí àwọn tó gbà, ẹ fà á sẹ́yìn kí Ahmad Lawan tó bi Ilé léèrè. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Ohun tí Ilé bá ti pinnu lórí rẹ̀, wọn kì í tún un yẹ̀ wò láàárín sáà ọdún kan náà àfi bí ẹnìkan bá gbé àbá wá láti pa ìpinnu àkọ́kọ́ rẹ́. Èyí tí a fà sẹ́yìn lè padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kí ló wá dé tí kò fi padà? Ọjọ́ méje péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 22, ni Ilé parí ìnáwó 2022, wọ́n sì lọ sinmi Kérésìmesì. Oṣù Kẹta 2022 ni àwọn àbá márùn-ún yẹn kú. Oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ gba gbogbo wọn. Àbádòfin tó bá kan ọ̀ràn tó le bí èyí, tí a sì gbé dìde ní àárín ọdún kẹta sáà, ó ti pẹ́. Ẹ̀yin náà kò rí ọdún àkọ́kọ́ lò, nítorí oṣù Kọkànlá 2019 ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó dá yín padà sórí ìjókòó tí wọ́n kọ́kọ́ kéde fún Dáyọ̀ Adéyẹyè.

Èyí tó kọjá kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ní 2016 ńkọ́? Ọwọ́ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ló kú sí. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: Ààrẹ Ilé á fún ìgbìmọ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti jábọ̀. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ pe ìpàdé ìta-gbangba, ìyẹn ń náni lówó, alága ló sì ń dá ọjọ́ rẹ̀. Bí alága kò bá fẹ́, kò sí ẹni tó ń sọ “rárá”. Wọn kàn ń sọ pé ọjọ́ kò tíì yọ. Nígbà tí ọdún mẹ́rin bá pé, gbogbo ohun tí kò bá tíì kọjá kú pẹ̀lú Ilé náà, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti kíkà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbé ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan sí i gbọ́dọ̀ bá alága ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, kó mọ ẹni tí wọn yóò fi í ránṣẹ́ sí, kó sì dìde ní gbangba ní ọjọ́ tí gbèdéke bá pé láti béèrè àbọ̀ rẹ̀. Kí aṣojú-ṣòfin kan sì gbé ẹ̀dà kan náà, láìyí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, wọ Ilé kejì ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí ẹ̀dà méjèèjì bá yàtọ̀, ìgbìmọ̀ ìfìmọ̀ṣọ̀kan ló kàn, ibẹ̀ sì jẹ́ ibòmíràn tí ìwé ti ń sọnù.

Tí wọ́n bá ní kí la fẹ́ kó ṣẹ́ kù nínú àbádòfin náà lẹ́yìn tí a bá yọ ogún, àdéhùn àgbáyé àti ìwà ipá kúrò, ọ̀pọ̀ ló kù. Ẹ wo ìlànà 127 ti ọlọ́pàá, tó ní kí wọ́n lé ọlọ́pàábìnrin tí kò tíì lọ́kọ tó bá lóyún. Ní Èkìtì yín ni wọ́n ti lò ó ní oṣù Kìíní 2021, ariwo sì gba ìlú. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọlọ́pàá, kò sí nọ́ńbà 61 kankan tó lè dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ wo ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìlànà orílẹ̀-èdè ti 2006 ṣèlérí nínú ipò tí ìjọba ń yanni sí, tí Kóòtù Gíga Àpapọ̀ l’Ábùújá sì ní kí ìjọba tẹ̀ lé ní oṣù Kẹrin 2022. Ìlànà ni, kò tíì di òfin. Abala mẹ́wàá tàbí méjìlá tó mọ́ ti tó fún gbogbo èyí. Ìwé kékeré ń ní ọ̀tá díẹ̀.

A kò gbàgbé pé àwọn mẹ́rin yìí kò lè dá ṣe é. Láti 1960 tí Wúràọlá Ẹ̀san ti Ìbàdàn ti wọ Ilé Àgbà, tí ó kọ́kọ́ ṣe obìnrin níbẹ̀, títí di 2023 tí mẹ́ta péré búra nígbà tí wọ́n ṣí Ilé Kẹwàá, obìnrin ò tíì pọ̀ tó láti fi ohùn tiwọn nìkan gbé nǹkan kọjá. Àwọn mẹ́rin yẹn tún di mẹ́ta fún oṣù mélòó kan nígbà tí Ilé dá Natasha Akpoti-Uduaghan dúró ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 2025, ọ̀ràn tó bẹ̀rẹ̀ látorí ìjókòó tí wọ́n ní kó kúrò lórí rẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú Ilé yẹn, kó kọ́kọ́ mọ àga tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.) Ọkùnrin ni yóò pọ̀ jù nínú 25 tí a kà lókè.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kó jáde nìyí: ẹ̀dà àbádòfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì tí ẹ gbà nígbà tí ẹ fà á sẹ́yìn láti lọ jíròrò, àti orúkọ àwọn tó sọ pé àwọn á gbà bí ọ̀rọ̀ kan bá yí padà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ẹ̀dà kan kí ó lọ sí ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹgbẹ́ tí oníkálukú wọn wà má dá a dúró. Oṣù Kẹfà 2027 ni Ilé Kẹwàá yóò kógbá sílé. Bí kò bá sí àyè mọ́ nínú èyí tó kù níwájú wọn, kí ìwé náà ti wà ní mímọ́ de ẹni tí yóò búra ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Ilé Kọkànlá.

Bí ó bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́, èyí tí wọ́n lè tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ni kí ẹ fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò pépà ránṣẹ́, nítorí àtúntẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé, agbẹjọ́rò Ilé yóò sì dá a padà nítorí nọ́ńbà abala tí kò bára mu.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa tí à ń tọpa iṣẹ́ Ilé Aṣòfin